Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Máàpù: Lílo Àkọsílẹ̀ Àyẹ̀wò Ilẹ̀ SSURGO Nínú Módẹ́ẹ̀lì Àgbàrá àti Odò

Ẹ̀yin akẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Bí a bá mú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tó kún jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí a kó o sínú módẹ́ẹ̀lì tó ń ṣírò àgbàrá àti omi odò, mélòó ló ń ṣẹ́kù nínú kíkún yẹn nígbà tí módẹ́ẹ̀lì bá fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, díẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Dátà náà dára. Àwa tí à ń lò ó la ń dà á nù lójú ọ̀nà, níbi tí a ti ń pa ẹ̀yà ilẹ̀ pọ̀, níbi tí a ti ń yí òṣùwọ̀n padà, àti níbi tí a ti ń tẹ bọ́tìnì tí a kò mọ ohun tó ń ṣe.

SSURGO ni orúkọ àkọsílẹ̀ náà. NRCS, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi lábẹ́ USDA (ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀), ló ń bójú tó o. Láti 1899 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń rán àwọn onímọ̀ ilẹ̀ lọ sí oko àti igbó kí wọ́n gbẹ́ ihò, kí wọ́n wo ìpele ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fa ààlà ohun tí wọ́n rí. Púpọ̀ nínú máàpù SSURGO wà ní ìwọ̀n 1:12,000 tàbí 1:24,000. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ kún, STATSGO2, wà ní 1:250,000. Lórí máàpù 1:24,000, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà 240 lórí ilẹ̀. Lórí ti 1:250,000, sẹ̀ǹtímítà kan náà dúró fún kìlómítà méjì àti ààbọ̀. Àfonífojì kékeré kan lè sá pamọ́ pátápátá sínú èyí kejì.

Módẹ́ẹ̀lì tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ ni SWAT, èyí tí Jeff Arnold àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní USDA-ARS, ẹ̀ka ìwádìí USDA, ní Temple, ìpínlẹ̀ Texas, ṣe jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. SWAT máa ń gé agbègbè ìṣàn omi, ìyẹn gbogbo ilẹ̀ tí àgbàrá rẹ̀ ń wọ odò kan náà, sí agbègbè kéékèèké. Lẹ́yìn náà á tún gé ìkọ̀ọ̀kan wọn sí HRU, ìyẹn àkópọ̀ ilẹ̀ tí ohun tí a ń fi ṣe, irú erùpẹ̀ rẹ̀ àti ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ara wọn mu. HRU kò ní àdírẹ́sì. Módẹ́ẹ̀lì mọ ìdá tó gbà nínú agbègbè kékeré rẹ̀, kò mọ apá ibi tó wà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Máàpù àti tábìlì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí SSURGO, ààlà orí máàpù ni ojú rẹ̀ máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Abala kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fà lórí máàpù ní nọ́ńbà kan tí ń jẹ́ mukey, èyí tó so ó mọ́ ẹyọ máàpù kan nínú tábìlì mapunit. Ẹyọ máàpù kan lè ní ẹ̀yà ilẹ̀ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú tábìlì component. Òpó comppct_r ló ń sọ ìdá tí ìkọ̀ọ̀kan gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tún ní àwọn ìpele tirẹ̀ nínú tábìlì chorizon: ibi tí ìpele ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, amọ̀ inú rẹ̀, iyanrìn inú rẹ̀, bí omi ṣe ń yára gba inú rẹ̀ kọjá. Nọ́ńbà cokey ló so ẹ̀yà mọ́ ìpele rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ohun tí wọ́n wọ̀n ló ní iye mẹ́ta: èyí tó parí sí _l ni ti ìsàlẹ̀, èyí tó parí sí _h ni ti òkè, _r ni èyí tó ṣojú ẹ̀yà náà jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú _r, wọn kì í sì í wo méjì yòókù mọ́. Méjì yòókù yẹn ṣì máa wúlò fún wa kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí.

Máàpù kò mọ ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wà nínú abala rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé ẹ̀yà yìí gba 40%, tọ̀hún gba 35%. Bí ẹ bá lo gSSURGO ti ìpínlẹ̀ kan, tó jẹ́ ràsítà (máàpù tí wọ́n gé sí píkísẹ̀lì) oní-mítà 10, ẹ má rò pé ẹ ti mọ ilẹ̀ náà ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Abala tó kéré jù tí ojú lè rí dáadáa lórí máàpù 1:24,000 tó nǹkan bíi hẹ́kítà 2.3, gígé e sí píkísẹ̀lì wẹ́wẹ́ kò fi ìmọ̀ kankan kún un.

Pípa ẹ̀yà pọ̀

SWAT fẹ́ irú ilẹ̀ kan fún HRU kan. Ó di dandan nígbà náà kí a sọ ẹ̀yà mẹ́ta di ọ̀kan, ibí sì ni dátà ti ń kọ́kọ́ ṣòfò. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. A lè mú ẹ̀yà tó gba ibi tó pọ̀ jù, ká fi ìyókù sílẹ̀. A lè mú ipò tó borí: ká ro ìdá gbogbo ẹ̀yà tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà pọ̀, ká wo ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù. A sì lè ṣe ìpíndọ́gba tó ka ìdá ẹnìkọ̀ọ̀kan sí. Ìdáhùn wọn kì í fìgbà gbogbo bára mu, owó tí a ń san fún àìbáramu yẹn sì tóbi ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹgbẹ́ tí mò ń wí ni àwọn ẹgbẹ́ omi ilẹ̀ A, B, C àti D, tí wọ́n wà nínú òpó hydgrp. Fún ilẹ̀ tó jìn ju sẹ̀ǹtímítà 100 kí a tó kan ohun tó dí omi lọ́nà, tí omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ náà sì jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpele tí omi ń gbà kọjá lọ́ra jù láàárín sẹ̀ǹtímítà 100 àkọ́kọ́ ni NRCS ń wò. Bó bá ju máíkírómítà 10 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, A ni. Láàárín 4 sí 10, B ni. Láàárín 0.4 sí 4, C ni. Bí kò bá ju 0.4 lọ, D ni. Ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú ohun tí a gbìn ló ń fún wa ní nọ́ńbà CN (curve number), tí a fi ń ṣírò iye òjò tó máa di àgbàrá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ máàpù kan tó ní ẹ̀yà mẹ́ta. Èkíní gba 40%, ẹgbẹ́ D ló wà. Èkejì gba 35%, ẹ̀kẹta gba 25%, B ni àwọn méjèèjì. Bí a bá mú ẹ̀yà tó tóbi jù, gbogbo abala náà di D. Bí a bá mú ipò tó borí, ó di B, nítorí B gba 60% lápapọ̀. Nínú tábìlì NRCS, fún irúgbìn tí a gbìn ní ẹsẹ tààrà lórí ilẹ̀ tó wà ní ipò dáadáa, CN ẹgbẹ́ B jẹ́ 78, ti D jẹ́ 89. Kí òjò mìlímítà 75 rọ̀. Ìṣírò CN sọ pé ilẹ̀ B yóò da mìlímítà 27.8 sódò, ilẹ̀ D yóò da 47.2. Bí a bá ṣírò ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí a tó pa àgbàrá wọn pọ̀, 35.6 la rí. Ẹyọ máàpù kan náà, dátà kan náà, ìdáhùn mẹ́ta. SWAT máa ń yí CN padà lójoojúmọ́ bí omi inú ilẹ̀ bá ṣe rí, nítorí náà ìṣírò rẹ̀ gùn ju eléyìí lọ, ṣùgbọ́n àlàfo àárín wọn kì í parẹ́.

Ẹnìkan lè ní ká pa CN fúnra rẹ̀ pọ̀ nígbà náà: 40% ti 89 àti 60% ti 78 jẹ́ 82.4. Fún òjò mìlímítà 75, ìyẹn fún wa ní 34.8, kò jìnnà sí 35.6. Fún òjò kékeré ńkọ́? Bí mìlímítà 25 bá rọ̀, àgbàrá tí a ṣírò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ 3.6, ti CN àpapọ̀ jẹ́ 2.9. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà CN kò tọ́, ó tẹ̀. Ilẹ̀ D ti bẹ̀rẹ̀ sí da omi nígbà tí ilẹ̀ B ṣì ń mu tirẹ̀, ìpíndọ́gba sì máa ń bo èyí mọ́lẹ̀. Òjò kékeré ló sì pọ̀ jù nínú ọdún.

Ìpíndọ́gba ìpele tún burú jù ìyẹn lọ. Bí ẹ̀yà kan bá ní amọ̀ 10%, tí èkejì ní 50%, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 30%, ilẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ jáde níbẹ̀. Kì í mu omi bí ti iyanrìn, kì í sì í dá omi dúró bí ti amọ̀. Lójú tèmi, ó sàn kí a kọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ tó borí, lẹ́yìn náà kí a mú ẹ̀yà tó tóbi jù nínú ẹgbẹ́ yẹn pẹ̀lú gbogbo ìpele rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ̀yà 35% la máa mú. Ẹgbẹ́ àti ìpele á bára mu, nítorí ara ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá.

Bó bá jẹ́ pé ibi tí erùpẹ̀ tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti ń wọ odò là ń wá, mímú ẹ̀yà kan kò tó. Rántí pé HRU kò ní àdírẹ́sì. Nítorí ìyẹn, a lè pín píkísẹ̀lì inú ẹyọ máàpù kan fún ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe bá ìdá wọn mu, 40, 35, 25, láìbìkítà nípa ibi tí ìkọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Ìdá HRU á jáde bó ṣe yẹ. Ohun tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe ni kó fi ẹ̀yà tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ òkè sí ìsàlẹ̀ òkè. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá ṣe pàtàkì sí iṣẹ́ yín, ẹ fi máàpù gíga ilẹ̀ darí ìpín náà. HRU á pọ̀ sí i gan-an, kọ̀ǹpútà á sì pẹ́.

Ẹgbẹ́ olórí méjì

Nínú hydgrp, ẹ ó rí A/D, B/D àti C/D. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ipò ilẹ̀ náà bí a bá ti fa omi inú rẹ̀ kúrò. Ìkejì ni ipò rẹ̀ bí a kò bá fà á. Ilẹ̀ tí omi abẹ́ rẹ̀ sún mọ́ òkè, láàárín sẹ̀ǹtímítà 60, ló ń gba irú ẹgbẹ́ yìí. Ilẹ̀ Drummer ní Illinois àti Webster ní Iowa wà lára wọn. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbin àgbàdo àti sóyà sí, wọ́n sì ti ri páìpù mọ́ abẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kí omi lè ṣàn lọ sí kòtò.

SWAT kò mọ B/D. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń gbà. Ètò ìyídátà púpọ̀ máa ń mú lẹ́tà kan fún gbogbo ilẹ̀ láìbi yín. Bó bá mú D fún oko tó ní páìpù lábẹ́, tí ẹ̀yin sì tún tan páìpù inú SWAT sílẹ̀, ẹ ti ṣe ohun méjì tó ń ta ko ara wọn: CN gíga á ti da òjò sókè ilẹ̀ kó tó wọlé, páìpù á sì gbẹ. Àpẹẹrẹ ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni pé náítíréètì inú odò á kéré ju ohun tí wọ́n wọ̀n lọ, ẹ ó wá máa wá àṣìṣe náà nínú ajílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé inú lẹ́tà kan ló wà. Ẹ fi ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe pín in: oko irúgbìn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ gba lẹ́tà àkọ́kọ́ àti páìpù, igbó, àbàtà àti pápá tí kò ní páìpù gba D. Ẹ ṣe é kí ẹ tó dá HRU sílẹ̀, torí lẹ́yìn rẹ̀ ó ṣòro.

Láti chorizon sí fáìlì .sol

Inú fáìlì .sol ni SWAT ti ń ka ìpele ilẹ̀. Ibi tí òṣùwọ̀n ti ń yí padà nìyí, mo sì fẹ́ kí a rọra gbà á kọjá.

SSURGO ń kọ jíjìn ìpele ní sẹ̀ǹtímítà, SWAT fẹ́ mìlímítà. Ìyẹn rọrùn. Ohun tó ń mú ènìyàn ni pé SOL_Z jẹ́ jíjìn láti ojú ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìpele, kì í ṣe nínípọn ìpele. Ìpele mẹ́ta tó parí sí sẹ̀ǹtímítà 20, 55 àti 150 gbọ́dọ̀ di 200, 550, 1500. Ẹni tó bá kọ 200, 350, 950 ti gé àádọ́ta-dín-lẹ́gbẹ̀ta mìlímítà, ìyẹn 550, kúrò nísàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀. SWAT kò sì gbà ju ìpele mẹ́wàá lọ.

Ksat, ìyẹn bí omi ṣe ń yára gba inú ilẹ̀ tó kún fún omi kọjá, wà ní máíkírómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú SSURGO. SOL_K fẹ́ mìlímítà ní wákàtí kan. Ẹ fi 3.6 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye kan tó máa ń jáde léraléra nínú SSURGO ni 9.17; ó di 33. Ẹni tó bá gbàgbé ìsọdipúpọ̀ yìí á ní ilẹ̀ tí omi ń gbà kọjá ní ìlọ́po 3.6 lọ́ra ju ti òótọ́ lọ, módẹ́ẹ̀lì á sì máa ṣiṣẹ́ láìsí àmì àṣìṣe kankan.

Bí ẹ bá ní láti pa ìpele méjì pọ̀, ẹ má ṣe ìpíndọ́gba lásán fún Ksat. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 20 òkè ní Ksat 10, sẹ̀ǹtímítà 20 ìsàlẹ̀ ní 0.4. Ìpíndọ́gba lásán jẹ́ 5.2. Ṣùgbọ́n omi tó ń lọ sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú méjèèjì, èyí tó lọ́ra ló sì ń pàṣẹ: ẹ pín nínípọn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú Ksat rẹ̀, 20 sí 10 jẹ́ 2, 20 sí 0.4 jẹ́ 50, ẹ fi àpapọ̀ 52 pín 40, ẹ ó rí 0.77. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má pa wọ́n pọ̀ rárá.

Fún ìwúwo erùpẹ̀, dbthirdbar_r ni kí ẹ lò, èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀. Ti ilẹ̀ tí a yan gbẹ nínú ààrò máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá fún amọ̀ tó ń sún kì. Òpó om_r jẹ́ ìdá ohun jíjẹrà inú ilẹ̀. SWAT fẹ́ kábọ́ọ̀nù, nítorí náà ẹ pín in pẹ̀lú 1.724. Awc_r, ìyẹn omi inú ilẹ̀ tí irúgbìn lè fà (AWC), kò nílò ìyípadà. Àkíyèsí kan péré: wọ́n ti yọ ti òkúta kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má tún un yọ.

Òkúta tún mú wa dé orí K, nọ́ńbà tó ń sọ bí erùpẹ̀ ṣe rọrùn fún àgbàrá láti gbé lọ. SSURGO ní méjì. Kwfact wo ilẹ̀ pẹ̀lú òkúta inú rẹ̀. Kffact wo erùpẹ̀ kúnná nìkan. SWAT ní ìṣírò tirẹ̀ fún òkúta ìpele àkọ́kọ́, tó ń dín erùpẹ̀ kù bí òkúta bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fi kwfact síbẹ̀, tó sì tún kọ ìdá òkúta sí SOL_ROCK, ti ka òkúta lẹ́ẹ̀mejì. Lórí òkè olókùúta, èyí lè jẹ́ kí ibi tó ń da erùpẹ̀ dà bí ibi tí kò ní wàhálà. Kffact ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn gbogbo ìyípadà, àyẹ̀wò kan wà tí kò gbà ju òpó mẹ́ta lọ nínú Excel, tí mo sì rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò. SWAT ń ṣírò omi tí irúgbìn kò lè fà mọ́ nípa sísọ 0.40 di púpọ̀ pẹ̀lú ìdá amọ̀ àti ìwúwo erùpẹ̀. Ẹ fi AWC kún un, ẹ ó rí omi tí ilẹ̀ lè dì mú. Ẹ wá ṣírò ààyè inú ilẹ̀: 1 dín ìwúwo tí a pín pẹ̀lú 2.65. Ilẹ̀ tó ní amọ̀ 50%, ìwúwo 1.55 àti AWC 0.14 á di omi 0.45 mú, nígbà tí ààyè inú rẹ̀ kò ju 0.415 lọ. Omi ju ìkòkò lọ. SWAT á fúnra rẹ̀ gé e wálẹ̀ láìpariwo, ilẹ̀ tí ẹ rò pé ẹ fún un kò sì ní jẹ́ èyí tó lò. Irú ìpele bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ wo iye _l àti _h rẹ̀, ẹ tún ìwúwo tàbí AWC ṣe láàárín wọn.

Àwọn ihò inú dátà

Ẹyọ máàpù tí wọ́n pè ní Water, Pits, Rock outcrop tàbí Urban land kì í ní ìpele kankan. Òfìfo wọn máa ń di 0 nígbà tí a bá ń kó tábìlì jáde, 0 nínú ìwúwo tàbí Ksat sì lè dá módẹ́ẹ̀lì dúró. Ti omi, ẹ jẹ́ kí máàpù ìlò ilẹ̀ sọ pé omi ni. Ti ìgboro, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀yà kejì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ẹyọ máàpù kan náà. Ẹ mú ìpele ẹ̀yà yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí ìlò ilẹ̀ ka kọnkéré sí. Ìpele àpáta tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ń kọ R sí, kò ní nọ́ńbà náà. Ẹ parí ilẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ wo tábìlì corestrictions fún jíjìn rẹ̀. Nínú igbó, ìpele ewé jíjẹrà ló máa ń wà lókè, amọ̀ rẹ̀ ṣófo, ìwúwo rẹ̀ kéré gan-an. Púpọ̀ nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ láti ìpele erùpẹ̀ àkọ́kọ́.

Àwọn ẹ̀yà kéékèèké máa ń wà tí wọ́n ní ìdá ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ìpele. Bí ẹ bá ń ṣe ìpíndọ́gba ohunkóhun, àpapọ̀ ìdá àwọn tó ní dátà ni kí ẹ fi pín in, kì í ṣe 100. Bí 85% péré bá ní AWC, tí gbogbo wọn jẹ́ 0.18, pípín pẹ̀lú 100 á fún yín ní 0.153. Omi ilẹ̀ ti dín kù, bẹ́ẹ̀ òfìfo nìkan ló fà á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya máàpù hydgrp sójú kọ̀ǹpútà kí ẹ wá ìlà tó tọ́ gbọọrọ. Ilẹ̀ kì í yí padà ní ìlà tó tọ́. Bí ẹ bá rí i, ààlà káúńtì ni: wọ́n yẹ àwọn káúńtì méjèèjì wò ní ọdún tó yàtọ̀, àwọn tó yẹ̀ wọ́n wò sì yàtọ̀. Ẹ fi ojú ìpele wo ẹ̀yà tó wà ní apá méjèèjì, kí ẹ sọ èyí tó jọ ara wọn di ọ̀kan. Níbi tí SSURGO kò bá sí rárá, gNATSGO, ràsítà NRCS tó kó àwọn àkọsílẹ̀ yìí pọ̀, ti fi STATSGO2 dí i. NRCS sì ń tún dátà yìí gbé jáde lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, nítorí náà ẹ kọ déètì tó wà nínú òpó saverest sílẹ̀.

Ti ràsítà kò gùn. mukey jẹ́ orúkọ, kì í ṣe ìwọ̀n. Bí ẹ bá ń yí píkísẹ̀lì padà, ẹ yan ọ̀nà tó ń mú aládùúgbò tó sún mọ́ jù. Ọ̀nà ìpíndọ́gba á ṣẹ̀dá mukey tí kò sí. Ràsítà onì-bíìtì 16 kò lè gbà á, nítorí kò kọjá 65,535. Nínú tábìlì SSURGO, mukey wà bí ọ̀rọ̀. Nínú ràsítà, ó wà bí nọ́ńbà. Bí ìsopọ̀ bá kọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Òdiwọ̀n HRU

SWAT ń béèrè pé ilẹ̀ tí ìdá rẹ̀ kéré ju iye wo ni kí òun yọ kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ 20% fún ìlò ilẹ̀, 10% fún irú ilẹ̀, 20% fún ìdagẹ̀rẹ̀, torí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé ìlànà ti máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Pẹ̀lú STATSGO2 tí ilẹ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, ó ṣeé fara dà. Pẹ̀lú SSURGO, àdánù ni. Ẹ rò ó wò: nínú oko àgbàdo ti agbègbè kékeré kan, ilẹ̀ méjì gba 15% àti 12%, ìyókù 73% pín sí oríṣi mẹ́wàá tí ìkankan wọn kò tó 10%. SWAT á yọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, á sì pín ààyè wọn fún méjì yẹn. Ilẹ̀ tó jẹ́ 27% ti wá ń ṣojú gbogbo oko náà.

Fífi 0 sí òdiwọ̀n náà á gba gbogbo rẹ̀ là, ṣùgbọ́n HRU lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ da àwọn ẹyọ máàpù tó jọra pọ̀. Ní Iowa, 138B àti 138C jẹ́ ilẹ̀ Clarion kan náà, ìdagẹ̀rẹ̀ ló yà wọ́n, SWAT sì ti ń gba ìdagẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Ẹ dà wọ́n pọ̀. 138C2 yàtọ̀: 2 yẹn ń sọ pé àgbàrá ti gbé lára erùpẹ̀ òkè rẹ̀ lọ, ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ti orúkọ, ẹ wo ẹgbẹ́ omi, jíjìn dé ohun tó dí omi lọ́nà, àti AWC mítà àkọ́kọ́. Ìdàpọ̀ tí ẹ fojú ara yín ṣe, ẹ mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ yín. Èyí tí òdiwọ̀n bá ṣe, ẹ kò ní mọ̀.

Ìmúbámu

Ẹ má retí pé SSURGO á mú kí omi oṣooṣù ní ẹnu odò ńlá bá ohun tí wọ́n wọ̀n mu ju STATSGO2 lọ. Ó lè ṣe é, ó lè má ṣe é; ìmúbámu, ìyẹn yíyí nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì títí yóò fi jọ odò gan-an, máa ń gbé ìyàtọ̀ méjèèjì mì. Bó bá jẹ́ pé omi oṣooṣù ní ẹnu odò nìkan lẹ ń wá, STATSGO2 tó yín, ẹ fi àkókò yín sí dátà òjò. Inú agbègbè kéékèèké ni SSURGO ti ń san owó rẹ̀ padà: oko wo ló ń da erùpẹ̀, ibo ni kí a gbin koríko ìdènà sí.

Ìmúbámu kan náà sì lè pa ohun tí a ti ń ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú SWAT-CUP, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìmúbámu SWAT, v__ ń fi iye kan rọ́pò gbogbo iye. r__ ń fi ìdá kan yí iye kọ̀ọ̀kan padà. Ẹni tó bá lo v__ fún SOL_AWC ti sọ gbogbo ilẹ̀ agbègbè náà di ilẹ̀ kan. Ẹ lo r__, kí ẹ sì jẹ́ kí _l àti _h pinnu bó ṣe lè jìnnà tó: bí awc_r bá jẹ́ 0.20, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.17, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 0.22, r__ kò gbọdọ̀ kọjá láti -0.15 sí +0.10 fún un. Fún CN2, ìyẹn CN tí a kọ sínú SWAT, módẹ́ẹ̀lì kò gbà kó ju 98 lọ. Ní +25%, ilẹ̀ B tó wà ní 78 á di 97.5, ilẹ̀ D tó wà ní 89 á kan òrùlé 98, ìyàtọ̀ 11 tó wà láàárín wọn á sì di ìdajì nọ́ńbà kan. Ní +10%, 78 á di 85.8, 89 á di 97.9. Ẹ má fi ààlà òkè kọjá ibẹ̀.